Ibi Tí Píjò Jókòó Sí

Ọdún mọ́kànlá ni Píjò náà fi jókòó sójú kan
lórí koríko Alàgbà Ọláníhùn, ní Jẹ́ríkọ̀.
Táyà rì, gíláàsì ṣú,
aláǹgbá ń yá oòrùn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó sanwó ilé.
Baba ní òun á tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,
lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,
títí ọ̀sẹ̀ fi tán nílẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ táwọn onírin àlòkù wọ́ ọ gba géètì,
ilẹ̀ pupa ló kù sẹ́yìn,
ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní tí wọ́n tẹ́ de àlejò,
òróró ẹ́ńjìnnì dúdú láàárín rẹ̀ bíi tàdáwà tó dànù.
Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní,
“Mùfútáù, bá mi bò ó.
Mi ò fẹ́ máa rí i bí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀.”

Èmi náà kánjú.
Mo sáré tọ Bísíríyù lọ, tó ń ta òdòdó létí títì.
Ó ní, “Koríko ni koríko ń jẹ́.”
Mo ru ọ̀rá mẹ́fà wálé, mo gbìn ín, mo bomi rin ín.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó hù.
Ó hù o! Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí ìka ọwọ́,
àwọ̀ rẹ̀ mọ́ bí ọsàn wẹ́wẹ́ tí kò tíì gbó,
àbùlẹ̀ àǹkárá lórí agbádá gíńnì.
Ìyá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn lẹ́yìn ìsìnkú.
“O bò ó lóòótọ́, Mùfútáù.
Ó ti wá hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

Mo hú gbogbo rẹ̀. Ó dùn mí ní ìbàdí, ó dùn mí lápò.

Nígbà náà ni mo ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe: mo kúnlẹ̀.
Irú ni à ń wá ká tó wá irúgbìn.
Mo já ọ̀kan lẹ́bàá ògiri, mo gbé e súnmọ́ ojú.
Ṣé gbégi ni? Rárá. Ìdí gbégi funfun, ó tẹ́ bí ohun tí ẹsẹ̀ tẹ̀,
bí o bá sì fà á, ìwọ ni yóò ṣubú.
Ṣé eéran ni? Eéran kì í mọ níwọ̀n, irun ló fi ń bora.
Ti Bísíríyù ńkọ́? Orí ewé tirẹ̀ kúndùn bí ahọ́n ọmọdé.
Èyí tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú ṣóṣóró,
ó ń rákò lábẹ́lẹ̀, oríkèé kọ̀ọ̀kan ta gbòǹgbò,
irun funfun díẹ̀ wà lọ́rùn ewé bí irùngbọ̀n ọ̀dọ́,
òdòdó rẹ̀ la ìka mẹ́rin bí ẹsẹ̀ àparò.
Bàhámà.
Baba ló mú un wá láti ibi iṣẹ́, nínú àpò búrẹ́dì,
kí wọ́n tó bí mi.

Mo gbẹ́ ilẹ̀ tí òróró ti bàjẹ́ dà nù,
mo kó ti ẹ̀yìn kíṣìnnì rọ́pò rẹ̀.
Mo gé ti àyíká rẹ̀ kanlẹ̀, mo fi réèkì ya á nírun,
torí irúgbìn tí kò kan ilẹ̀, oúnjẹ ẹyẹlé ni.
Irúgbìn náà kúnná bí èérí gàrí;
mo pò ó mọ́ iyanrìn kí atẹ́gùn má baà pín in fún aládùúgbò.
Lẹ́yìn náà ni mo gé ìtàkùn díẹ̀ létí ògiri,
mo sọ ọ́ sáàárín wọn, kí àgbà lè wà láàárín èwe.

Òjò Òkúdù ṣe ìyókù.

Lánàá, ìyá bọ́ bàtà, wọ́n rìn láti ẹnu ọ̀nà lọ sí géètì.
Èmi fúnra mi ò mọ ààlà mọ́ láàárín ti àtijọ́ àti tòní.
Wọn ò wolẹ̀.
Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí imú Píjò máa ń dé,
wọ́n yà díẹ̀ sọ́wọ́ òsì,
wọ́n rọra fa ìró mọ́ra,
kó má baà kọ́ etí bọ́ńpà.