Abọ́ Mẹ́rin

Páànù mẹ́tàdínlógún la gbé gun òrùlé Ìyá Múnírá
ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọjọ́ Sátidé.
Gbénró fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀,
ó gbàgbé pé ọmọ ìjọ lòun, ó ṣépè.
Ìyá rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀:
“Olúwa yín ti gbọ́ o.”

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀
a fẹ́ kó abọ́ mẹ́rin tó fi ń gba òjò dànù.
Ó ní ká fi wọ́n sílẹ̀.

Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ Ajé.
Mo yà kí i láàárọ̀; ojú rẹ̀ pọ́n.
“Ṣé ó ṣì ń jò ni?”
“Rárá o. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbọ́ tó, tó, tó.
Lóru àná, ilé dákẹ́ rọ́rọ́.
N kò rí oorun sùn.”

Mo gbé abọ́ kan síta, sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.