Ojú Òṣùwọ̀n

Ojú òṣùwọ̀n wa kọ sí ẹni tó ń tà.
Ọ̀ṣúntókí ló ní ká yí i bẹ́ẹ̀,
lọ́jọ́ tí a ṣílẹ̀kùn nítòsí ojú irin Òṣogbo.
Mo ní, "Ọ̀gá, èrè wa ńkọ́?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Èrè ò sí lábẹ́ àtàǹpàkò."

Ìyá Ráṣídá ru ọ̀rá omi dé láti Ọjà Ọba,
àpò mẹ́ta, ìrì ṣì wà lára wọn.
Ó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ náà
bí ẹni ń wo ẹnu ọmọ tó fẹ́ sọ̀rọ̀.
Kílò mọ́kànlá.
Ní gáréèjì Iléṣà, méje ni wọ́n ń pè é.

Kò dúpẹ́. Ó ní kí n tún un wọ̀n.

Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ọ̀nà gáréèjì ti dá;
ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo àpò ń wọ́ wá.
Ẹ̀rọ di méjì.
Korobá tí a ń rọ, wọ́n ń rà á dé Ìkìrun.
Gbèsè báńkì tán. Mo kọ èrè sínú ìwé.

Ojú ewé kẹsàn-án ìwé náà,
lábẹ́ "Àwọn Tó Nípìn-ín",
òǹtẹ̀ Ìyá Ráṣídá dúdú kirikiri:
àtàǹpàkò tiẹ̀ nìyẹn o.

Síbẹ̀, láràárọ̀,
ó ṣì máa ń ní kí n tún un wọ̀n.