Ọ̀kan Lé Lógún

Ní Ruteng, lórí òkè, níbi tí kùrukùru ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù láìkan ilẹ̀kùn,
ọ̀gá mi, Bonefasius Jehadun, kò ní ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn alùpùpù.
"Ojú rẹ ni ẹ̀rọ," ló wí. "Yí kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n má ì ṣíná.
Iná kékeré tó pọ́n bí ọsàn yẹn yóò ṣẹ́jú sí ọ.
Èyí tó bá pẹ́, ẹ̀wá ni. Èyí tó bá yára, oókan.
Kà á. Dákẹ́. Tún un kà."

Tíṣà Donatus Jebarus ti Golo Ndari dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀,
ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ wà nínú ọ̀rá lábẹ́ abíyá.
"Ó ń mu epo bí ẹni tó jẹ iyọ̀," ó ní,
"bó bá sì kan gẹ̀rẹ́, ìkọ́ ni."

Mo jókòó síwájú iná.
Ó ṣẹ́jú, ó pẹ́.
Aago ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, àkùkọ ẹnìkan já okùn, ó gba ẹsẹ̀ mi kọjá.
Iná tún ṣẹ́jú. Èmi náà ṣẹ́jú.
Mo fi ìpéǹpéjú mi gé gígùn kejì kúrú,
n kò sì mọ̀.
Gígùn kan, kúkurú méjì:
méjì lé lẹ́wàá!

Nínú ìwé, méjìlá ni ínjẹ́tọ̀,
ẹnu kékeré tó ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì.
Mo tú u. A ránṣẹ́ ra tuntun ní Labuan Bajo.
Tíṣà ta àpò kọfí tó fẹ́ fi ra páànù.
Mo fọwọ́, mo gbowó,
mo sùn bí ẹni tó mọ̀wé.

Ọjọ́ kẹta, òjò.
Mo rí i lókèèrè, ó ń ti alùpùpù gun òkè bọ̀.
Kò pariwo. Ó kàn yí kọ́kọ́rọ́, ó ní,
"Ó ṣì ń pè yín."
Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí.

Ọ̀gá náà kò bú mi. Ó bu kọfí ẹ̀kúnwọ́ kan,
ó bu àgbàdo díẹ̀ nínú oúnjẹ adìyẹ.
"Bó bá pẹ́, fi kọfí lélẹ̀. Bó bá yára, àgbàdo.
Má fi orí kà á. Orí a máa kánjú."

Kọfí.
Kọfí.
Àgbàdo.

Mo dúró, ojú ń ta mí.

Kọfí. Kọfí. Àgbàdo.
Ọ̀kan lé lógún.

Kì í ṣe ẹnu ló ń dùn ún, imú ni,
imú tó ń gbóòórùn èéfín nínú sàlẹ́ńsà.
Imú gan-an kò sì ṣàìsàn:
iná a máa júwe ilé tí ẹkún ti ń wá,
kì í dárúkọ ẹni tó na ọmọ.
Mo fi ìka tọ wáyà lọ, mo débi tó ti fara ti irin gbígbóná;
awọ rẹ̀ ti yọ́, bàbà inú rẹ̀ ń tàn bí eyín.
Wáyà tí kò gùn tó ìka mi, téèpù dúdú, ó parí.
Iye rẹ̀ kò tó owó búrẹ́dì.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi san owó ínjẹ́tọ̀ padà,
oṣù mẹ́rin tí òjò fi ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì tíṣà.
Ínjẹ́tọ̀ àkọ́kọ́ wà lórí pẹpẹ mi di òní.
Ara rẹ̀ le koko.
A lé e jáde nílé láìṣẹ̀.

Àwọn kan wà tó ń fi téèpù bo iná náà,
wọ́n ní ó ń yọ àwọn lẹ́nu lálẹ́.
Mo máa ń ya á kúrò kí n tó bèèrè orúkọ wọn.
Ó máa ń wà níbẹ̀,
ó ń ka ara rẹ̀ fún òkùnkùn.