Bẹ̀fánà Dé Ẹ̀fọ̀n

Ọyẹ́ ọdún náà kò ṣe é fẹnu sọ.
Òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n ká daṣọ funfun bora
títí oòrùn fi kan àtàrí,
ètè wa là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn,
ìyá Sándro sì ń rìn káàkiri àgbàlá nínú aṣọ aláìlápá,
ó ní ooru ń mú òun.

Ìbíyẹmí ẹ̀gbọ́n mi ló kó wọn wálé láti Ítálì:
ọkọ, ọmọ mẹ́ta, ìyá ọkọ,
àti búrẹ́dì inú páálí tó ga bí fìlà bíṣọ́ọ̀bù.
Kérésì ti lọ, ọdún tuntun ti lọ,
àwọn ará Èkó ti ń di ẹrù,
àfi bí Nọ́nà ṣe ní ó ku ẹyọ kan:
lóru ọjọ́ karùn-ún oṣù Ṣẹ́rẹ́
arúgbó kan yóò gun ìgbálẹ̀,
yóò fò kọjá lórí òrùlé,
yóò wọlé tọ àwọn ọmọdé wá.

Ìbíyẹmí túmọ̀ rẹ̀ tán,
ilé pa lọ́lọ́.
Bàbá Ajíhìnrere yọwọ́ nínú iyán:
“Arúgbó wo? Lóru wo?
Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ?”
Àǹtí Fadérera fi ọwọ́ méjèèjì bo oyún rẹ̀.

Yèyé nìkan ló rẹ́rìn-ín.
“Ẹ bi í léèrè, kí ni arúgbó náà máa ń jẹ?”
Wọ́n ní: wáìnì ife kan, ọsàn kan.
“Ẹni tó ń jẹ ọsàn kò jẹ ènìyàn.
Ẹ lọ wá ìbọ̀sẹ̀ yín.”

Ìbọ̀sẹ̀ ilé ìwé mọ́kànlá la so mọ́ irin fèrèsé,
èyí tó ti lu ní gìgísẹ̀, èyí tí kò ní èkejì,
àti ti Bàbá Ajíhìnrere,
tó ní òun kò mọ ẹni tó so ó.
Emu la gbé sílẹ̀ dípò wáìnì.
Ọmọ dáadáa á rí súwíìtì, ni Nọ́nà wí,
ọmọ burúkú á rí èédú.
Túbọ̀sún, tó jí ẹran nínú ìkòkò lọ́jọ́ ọdún,
kò rí oorun sùn.

Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì la gbọ́ ọ:
ṣáá. Ṣáá. Ṣáá.
Àwọn ọmọ fò dìde lórí ẹní, ó di ojú fèrèsé.
Nínú kùrukùru, arúgbó kan tẹ̀ ba,
ìgbálẹ̀ lọ́wọ́,
eruku ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀.
“Bẹ̀fánà! Bẹ̀fánà dé o!”

Yèyé ni.
Yèyé tó ti ń gbá àgbàlá náà láti ọgọ́ta ọdún
kí ẹnikẹ́ni tó jí,
tí ẹnì kan nínú wa kò yọjú wò ó rí.

Ìbọ̀sẹ̀ kún: ọsàn, ẹ̀pà, súwíìtì oníwèé wúrà.
Bàbá Ajíhìnrere bó ọsàn tirẹ̀, kò sọ̀rọ̀.
Èédú ló wà nínú ti Túbọ̀sún.
Ó bú sẹ́kún.
Yèyé gba èédú náà, ó wọ̀n ọ́n wò lọ́wọ́.
“Wọ́n fún ọ níná nínú ọyẹ́, o ń sunkún?”
Ó kó o sínú àdògán, ó fẹ́ ẹ,
ó gbé iṣu lé e.
Gbogbo àwa tá a rí súwíìtì
la lọ yí ọmọ burúkú ká,
à ń yáná, à ń bẹ̀ ẹ́ fún iṣu.

Nọ́nà jókòó ti Yèyé lórí àpótí,
epo pupa ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.
Ọ̀kan ń sọ èdè rẹ̀, ọ̀kan ń sọ Èkìtì,
wọ́n jọ ń bú ọkọ wọn tó ti kú,
bó ṣe jọ lójú mi nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà a kò jẹ́ kí Yèyé dá gbálẹ̀ mọ́.
Irọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré la ṣe é.

Ọdún kẹta rèé. Orúnkún kò jẹ́ kí Nọ́nà wọ ọkọ̀ òfurufú mọ́.
Ó pè lánàá,
ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ nínú èdè wa:
“Èédú?”
Yèyé gbé fóònù súnmọ́ ẹnu bí ẹni fẹ́ fẹ́ná.
“Ó ń bẹ.”