Ohun Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé Ìpàdé

Èmi ni akọ̀wé. Iṣẹ́ mi ni kí n kọ
ẹni tó dábàá, ẹni tó kín in lẹ́yìn,
iye ọwọ́ tó nà sókè, iye tó wà lórí itan.
Ìyókù kì í ṣe tèmi.

Oṣù kìíní ni, òtútù Kanada ń gé etí bí abẹ,
ọkọ̀ gbogbo wọn ń mí èéfín lẹ́yìn gbọ̀ngán.
Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, igba ilé ni wá.
Lónìí a ti lé ní ẹgbàáta,
ilé tó jọra bí ẹyin inú páálí kan náà,
débi pé baálé ilé ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn lóru.
Kò sí ibi tí ọmọdé lè ṣubú sí tí kì í ṣe kọnkéré.

Ọ̀gbẹ́ni Petrasek, oníṣòwò ilẹ̀, tẹ́ àwòrán sórí tábìlì.
"Òfin ní kí n fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ fún ìlú.
Ẹ wò ó, mo ti fi í sílẹ̀."
Ó fi ìka lé ibi tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé:
àbàtà ni, ibi tí pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ ń yé sí,
ibi tí ilé kankan ò lè dúró kó má rì.
Bí wọ́n bá ń pín màlúù, tí wọ́n gbé ìwo fún ọ,
wọn ò kúkú purọ́ pé ara màlúù ni.

Owó ńkọ́? Mílíọ̀nù méjì dọ́là ó lé díẹ̀,
kí wọ́n tó la ọ̀nà, kí wọ́n tó ṣe afárá,
kí wọ́n tó gbin igi tí ìjì ò ní fà tu.
Dọ́là mọ́kànlélógójì lórí ilé kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún.
Gbọ̀ngán hó bí ìkòkò.

Gurdev Sekhon dìde, awakọ̀ àjàgbé, láwàní rẹ̀ pọ́n bí iná.
"Ọjọ́ márùn-ún ni mo ń lò lójú títì kí n tó fojú kan ilé.
Ìgbà wo ni mo fẹ́ jókòó nínú ọgbà ìgbafẹ́?
Ẹ jẹ́ kí n fi mọ́kànlélógójì mi ra táyà."
Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo kọ ọ́: ó lòdì sí i.

Marivic, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò ní ẹ̀tọ́ àtisọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó sọ ọ́:
àárín ọkọ̀ níwájú ilé ìtajà ló ti ń kọ́ kẹ̀kẹ́,
ọkọ̀ kan ń fẹ̀yìn rìn bọ̀, ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó sá.
"Ó ti di pẹlẹbẹ," ló wí,
ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì hàn wá bó ṣe pẹlẹbẹ tó.
Alága ní kí n yọ ìyẹn kúrò, torí kò forúkọ sílẹ̀.

Ó wá kan Orysia Hnatiuk, ìyá arúgbó
tó jẹ́ pé oko bálì ọkọ rẹ̀ ló wà lábẹ́ ilé gbogbo wa.
"Àbàtà yẹn, Wasyl ò fi ọkọ́ kàn án rí.
Ọdún mọ́kàndínlógójì. Mo bú u, mo ní ọ̀lẹ ni.
Ó ní ẹṣin òun rì síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan,
pé bí ilẹ̀ bá ní ó tó, kí ènìyàn gbọ́.
Lọ́jọ́ kan tí yìnyín yọ́, mo bá a níbẹ̀, kò ṣe nǹkan kan.
Ó ń ka pẹ́pẹ́yẹ."
Ó jókòó. Kò sọ bóyá òun fara mọ́ ọn.
N kò mọ ibi tí màá kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Mẹ́rin sí mẹ́ta: a sún un di oṣù kẹta.

Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sílé. Yìnyín ti bo àbàtà,
ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ la á já,
ó yí igi kan ṣoṣo tó kù po,
ẹnì kan sì ti fi páálí yọ̀ títí ilẹ̀ fi dán bí àwo.
Àjàgbé kan wà létí ibẹ̀, iná rẹ̀ kú, ẹ́ńjìnì ń kùn.
Sekhon ni. Ó ń bó ọsàn.
Ó ń wo ibi tí kò sí ènìyàn kankan.
Ó rí mi, ó juwọ́, ó tún yíjú padà,
mo sì dúró nínú òtútù, ìwé ìpàdé lábíyá,
títí ó fi bó ọsàn náà tán.