Ìbọn Orí Rélùwéè

Gàníyù ló fi àpótí náà ránṣẹ́ láti Jámánì:
"Bàbá, ẹ to rélùwéè yìí, kí ọwọ́ yín má baà dilẹ̀."
Rọ́bà aláwọ̀ eérú, igba ègé ó lé mọ́kàndínlógún,
ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó kéré ju èékánná lọ.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ju àsíá sí rélùwéè l'Ọ́fà.
Mo mọ ọkọ̀ ẹ̀pà, mo mọ ọkọ̀ màlúù,
mo mọ èyí tó gbé ìyàwó mi wá láti Jẹ́bà
tòun ti àgbò kan tó ń ké lójú fèrèsé.
N ò mọ èyí tó ru ìbọn,
ìbọn gbọọrọ bí ọ̀pẹ tí ìjì wó.

Gọ́ọ̀mù ń ta mí nímú.
Ẹsẹ̀ kẹtàdínlógún sọnù sábẹ́ ẹní;
mo gé ìdérí báírò, mo fi dípò.
Sẹ̀fíátù ní, "Bàbá àgbà, ta ni wọ́n fẹ́ yìn ín lù?"
Àwa ọmọ ìjàkadì, ẹni tá a ó dá, à á dì í mú ni.
Ìjà wo ni wọ́n ń bá ẹni tójú ò tó jà?
Mo ní kó mú búrọ́ọ̀ṣì wá.

Ó ti pé báyìí, ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n.
Lálẹ́, bí rélùwéè tòótọ́ bá fọn fèrè kọjá,
ilé á gbọ̀n, gbogbo ẹsẹ̀ á yí díẹ̀,
àfi ti báírò.