Ẹni Mọ́kànlá

Ẹni mọ́kànlá ló gbọ́ orin Akínmúrelé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.
Mo mọ méje nínú wọn. Èmi ni méjèèje:
fóònù mi, fóònù ìyá wa,
àti márùn-ún tí wọ́n kó wá gba iná ní ṣọ́ọ̀bù mi,
tí mo yá lò kí àwọn tó ni wọ́n tó padà dé.

Fèrèsé alumíníọ̀mù ni àbúrò mi ń kàn l'Ókè-Àró.
Òru ló gbohùn rẹ̀ sílẹ̀, agogo méjì kọjá,
nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti sùn.
Ó gbé mátírẹ́ẹ̀sì ti ògiri,
ó da aṣọ ìbora borí bí ẹni tó ń fi ooru agbo wo ibà.
Ó kù díẹ̀ kó parí ni òjò dé sórí páànù.
Bàbá Fágbuyì dìde ní yàrá kejì, ó gbé korobá síta,
ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
"Ẹ̀gbọ́n, ó ti bàjẹ́."
Mo ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́."

Èmi kò mọ orin. Káàdì ìpè ni mò ń tà ní Arákàlẹ̀.
Ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń kíni.
Mo wọ ẹgbẹ́ àwọn tí a jọ jáde girama lórí Wásáàpù,
mo kí ẹni tó bímọ, mo bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kẹ́dùn,
kí n tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi kọrin."
Alákòóso yọ mí jáde: "A kì í polówó níbí,"
níbi tó ti ń ta ẹja dídì láràárọ̀.
Àwọn ìyá ìjọ ní ṣé orin ẹ̀mí ni.
Mo ní ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Wọ́n dákẹ́.
Lórí Fesibúùkù, ẹnìkan tó fi àwòrán kìnnìún bojú
ní kí n san ẹgbẹ̀rún márùn-ún,
òun á fi ogún ẹgbẹ̀rún etí ránṣẹ́ sí wa.
Etí tí kò sí lára ẹnikẹ́ni. Mo kọ̀.

Akínmúrelé kò bi mí léèrè mọ́.
Ó ń lọ, ó ń bọ̀,
èérún irin nínú irun rẹ̀ bí ewú.

Àfi alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan,
tí obìnrin kan tí n kò rí rí kọ ọ́ sábẹ́ orin náà:
"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Òkè-Àró lẹ ti kọ ọ́?
Ikọ́ bàbá mi ni mò ń gbọ́ yẹn."

Nọ́ọ̀sì ni, ní ìlú òtútù kan. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti délé mọ.
Ó gbọ́ ọ títí ilẹ̀ fi mọ́ níbẹ̀,
lẹ́yìn náà ló pín in.

Pín. Ìyá wa ní nílé tí wọ́n ti tọ́ òun,
ohun tí a bá pín, dídín ló ń dín:
ẹran, ilẹ̀ oko, ogún.
Ó wá jókòó ti fóònù, ó ń wo nọ́ńbà tó ń gòkè,
ó ní, "Irú pípín wo lèyí?"
Ará Ìgbàrà-Òkè kan tó ń wa ọkọ̀ ẹrù láṣálẹ̀
jó o lórí iyanrìn, bàtà kan lẹ́sẹ̀.
Bàbá Fágbuyì ní, "Ikọ́ mi ti dé ibi tí èmi ò dé,"
ó sì ń bi mí bóyá wọ́n á san nǹkan fún un.

Kí n má parọ́:
owó tó wọlé kò tíì tó dátà tí mo fi jà.
Àbúrò mi ṣì ń kan fèrèsé.

Lánàá, a gbé férémù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ márúwá, a gba Ọ̀nà Òndó.
Táyà jò. Ọmọ tó ń lẹ̀ ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé,
orin yẹn ni, ẹsẹ rẹ̀ kejì, kò ṣì í rárá.
Mo gún Akínmúrelé ní ìgbúnwọ́. Kò sọ pé òun ni.
Ó di férémù mú, ó ń wo ilẹ̀.
Nígbà tí ọmọ náà dé ibi tí òjò ti bẹ̀rẹ̀,
ó dákẹ́ súfèé,
ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ó sì ń bá a lọ.